George Washington àti Ẹgbẹ́ Tí Ọmọ Ń Jogún

  Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ló tún dé.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí, kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ nínú yín. Bí ẹ bá ti di dọ́là kan mú rí, ẹ ti rí ojú rẹ̀. George Washington ni, Ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sọ èyí tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé, ọdún bíi mẹ́fà kí ọkùnrin yìí tó di Ààrẹ orílẹ̀-èdè ló ti di ààrẹ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ gan-an ni mo wí o: tó ní ẹ̀ka káàkiri, tó ní owó ẹgbẹ́, báàjì, akọ̀wé, akápò, ìpàdé àpapọ̀, àti ìjà ńlá lórí òfin ẹgbẹ́. Ó wà lórí ipò yẹn títí ó fi kú.

Ìdí tí mo fi mú un ni àríyànjiyàn tí kì í tán láàárín wa. Ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú wa rí, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ ni láti inú oyún? Ẹni tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ ìlú ńkọ́? Bí bàbá ẹnìkan bá sì ti ṣe alága rí, ṣé àga náà ti di ti ilé wọn nìyẹn? Ìwé tí mò ń kà fún ìdánwò ni mo ti bá ìtàn yìí pàdé, ó sì yà mí lẹ́nu pé ìjà yìí kan náà ni wọ́n ti jà ní Amẹ́ríkà ní ohun tó lé ní 200 ọdún sẹ́yìn, àti pé olórí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1732 ni wọ́n bí i ní Virginia, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí ti lọ kàwé nílùú Òyìnbó, ṣùgbọ́n ikú bàbá ti dí ọ̀nà yẹn mọ́ òun. Kò wọ yunifásítì kankan. Iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ ló kọ́, iṣẹ́ ká máa na ṣéènì káàkiri igbó láti wọn ilẹ̀, ká sì máa sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú bá wa sí. Ní 1749, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 péré, wọ́n ti fi ṣe sọ̀fíyọ̀ ìjọba fún agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Culpeper. Ẹ̀yin sọ̀fíyọ̀ inú wa, ẹ rí baba yín.

Lẹ́yìn náà ló wọṣẹ́ ológun, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ja àwọn Faransé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1759 ó fẹ́ Martha Custis, opó kan tó ní ọmọ méjì, tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ, tó sì ní ẹrú. Inú oko ńlá tí wọ́n ń pè ní Mount Vernon, létí odò Potomac, ni wọ́n ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ kò bí ọmọ kankan títí ó fi kú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà lò ó.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1775, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dìde sí ọba Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Congress fi í ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní gba owó oṣù. Kí wọ́n ṣáà dá ohun tí òun bá ná padà. Ó lé ní ọdún mẹ́jọ tó fi ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìnáwó sílẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ó kó ìwé ìṣirò náà fún ìjọba kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o. Mo kàn ń sọ ìtàn ni.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ti wọlé nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1783, ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n inú àwọn ọ̀gá sójà kò dùn rárá. Wọ́n wà ní bùdó ní Newburgh, létí odò Hudson, wọ́n ń dúró de owó tí kò wá. Láti ọdún 1780 ni Congress ti ṣèlérí fún wọn pé lẹ́yìn ogun wọn yóò máa gba ìdajì owó oṣù wọn títí ọjọ́ ikú. Ìlérí náà di àlá. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ti tò fún pẹ́ńṣàn rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nínú ẹni. Ẹnìkan wá kọ ìwé tí kò fọwọ́ sí, ó ń káàkiri bùdó, pé bí ìjọba kò bá sanwó, kí àwọn má ṣe gbé ìbọn sílẹ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ni Washington wọ inú ìpàdé wọn. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ títí, ojú wọn kò yọ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ lẹ́tà kan jáde láti kà á fún wọn, kò sì rí i kà. Ló bá fa gíláàsì ojú yọ. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ó máa ń lo gíláàsì. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù fún òun, pé ẹnu iṣẹ́ ìlú yìí ni orí òun ti hu ewú, ojú òun náà sì ti fẹ́ máa fọ́. Àwọn ọkùnrin tó ti jagun ọdún mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọ̀tẹ̀ náà kú síbẹ̀. Congress yí ìlérí pẹ́ńṣàn yẹn padà sí owó oṣù ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí gbèsè lásán ni wọ́n rí gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tà á lówó pọ́ọ́kú nítorí ebi.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Henry Knox ló ni èrò yẹn, ọ̀gágun kan tó ń ta ìwé ní Boston kí ogun tó dé. Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1783 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ẹgbẹ́, nínú ilé tí Ọ̀gágun Steuben wọ̀ sí ní Fishkill, lódìkejì odò. Society of the Cincinnati ni wọ́n pè é. Orúkọ yẹn ti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ará Róòmù àtijọ́ kan wá, Cincinnatus. Ìtàn sọ pé ẹnu iṣẹ́ oko ni wọ́n ti wá pè é kó wá gba ìlú sílẹ̀, wọ́n fún un ní gbogbo àṣẹ, ó ṣẹ́gun, ó gbé àṣẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ó sì padà sí oko rẹ̀. Ó dáa, orúkọ náà wu ni.

Òfin ẹgbẹ́ wọn náà wu ni, níbi púpọ̀. Ọ̀gá sójà tó bá ti sìn fún ọdún mẹ́ta, tàbí tó wà níbẹ̀ títí ogun fi tán, lè wọlé. Kálukú yóò dá owó oṣù rẹ̀ kan sápò ẹ̀ka ìpínlẹ̀ rẹ̀, owó náà yóò sì wà fún àwọn tó bá kú díẹ̀ fún nínú wọn, àti fún àwọn opó àti ọmọ tí àwọn tó ti kú fi sílẹ̀. Ẹ̀ka 13 ni wọ́n ní, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àwọn ọ̀gágun Faransé tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ sì ní tiwọn lọ́hùn-ún. Báàjì wọn jẹ́ ẹyẹ idì oníwúrà tí wọ́n so mọ́ rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù tó ní etí funfun. L'Enfant ló ya iṣẹ́ ọnà rẹ̀, ọmọ Faransé kan náà tó wá ya àwòrán bí olú-ìlú Amẹ́ríkà yóò ṣe rí nígbà tó yá.

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú òfin yẹn. Ìlà yẹn ni pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni yóò bọ́ sípò rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ àkọ́bí tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí lọ. Bí kò bá sí ọmọkùnrin, wọ́n á wá ẹni tó yẹ nínú ẹbí. Ọmọbìnrin kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ní oṣù Kẹfà ni wọ́n fi Washington ṣe ààrẹ. Òun kọ́ ló kọ òfin yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹ̀rí pé ó rí ewu kankan nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá. Lójú tirẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ tó jìyà pọ̀ ni, tí wọ́n fẹ́ máa ran opó lọ́wọ́. Ta ni yóò kọ irú ìyẹn?

Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ló lọ sí Annapolis níbi tí Congress ti ń jókòó, ó sì dá ìwé àṣẹ ológun rẹ̀ padà fún wọn. Ó múra, ó di ilé. Ọ̀la Kérésìmesì ló wọ Mount Vernon. Ọmọ ọdún 51 ni, ó ti fẹ̀yìn tì, oko àlìkámà rẹ̀ ń dúró dè é. Lójú gbogbo ayé, òun gan-an ni Cincinnatus. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù lọ́rùn rẹ̀ ni ti ẹgbẹ́, iṣẹ́ tí kò ní owó oṣù.

Iṣẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kó sinmi.

Ṣáájú kó tó dé ilé ni adájọ́ kan ní South Carolina, Aedanus Burke, ti tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lábẹ́ orúkọ ìbòjú. Ohun tó wí nínú rẹ̀ ni pé kí ìlú la ojú: a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọba lọ tán ni, àwọn ọ̀gá sójà sì ti ń fi orúkọ àánú opó dá ilé ọlọ́lá sílẹ̀. Lónìí báàjì ni, lọ́la oyè ni, nígbà tó bá di ti àwọn ọmọ wọn, ìlú yóò pín sí méjì: àwọn tí wọ́n bí sínú ọlá àti àwọn tí wọ́n bí láti sìn wọ́n. Ìwé kékeré náà gba gbogbo ìlú kan. Ní ilẹ̀ Faransé pàápàá wọ́n tún un kọ.

Benjamin Franklin wà ní Paris nígbà náà, ó ti di àgbàlagbà, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní oṣù Kìíní ọdún 1784, ó sì fi ìṣirò ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ jẹ́ ìdajì ti bàbá, ìdajì ti ìyá. Ọmọ-ọmọ di ìdá mẹ́rin. Bí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé ìran kẹsàn-án, ìdá kan nínú 512 ni ẹ̀jẹ̀ akọni náà tó kù lára ẹni tó ń gbé báàjì kiri. Franklin tún ní, bí ọlá bá máa rìn, kí ó rìn sókè, kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí tó tọ́ ọmọ náà, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ṣe. Ibí yìí ni mo ti rẹ́rìn-ín. Ṣebí ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn! Ọmọ gboyè dókítà, ìyá rẹ̀ la ń kí lọ́jà, ìyá rẹ̀ ló di Ìyá Dókítà. Kò sí ẹni tí í pe ọmọ jòjòló ní dókítà nítorí pé bàbá rẹ̀ kàwé.

Washington kò ní irú ẹ̀fẹ̀ yẹn nínú. Ó bà á nínú jẹ́. Ẹni tí orúkọ rere jẹ́ ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ, tó sì rí i pé wọ́n ti ń fi òun pe adìtẹ̀, kò lè sùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1784 ó kọ̀wé sí Thomas Jefferson, ó ní kó sọ òótọ́ fún òun. Jefferson sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: púpọ̀ nínú àwọn tó wà ní Congress kò fẹ́ ẹgbẹ́ náà, ipò àjogúnbá kò bá ìlú tí gbogbo ènìyàn ti dọ́gba mu, ó sì sàn kí Washington má ṣe jẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀ bí kò bá lè tún un ṣe.

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Kò kọ̀wé fipò sílẹ̀ láti ilé. Kò sì ní kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lọ fẹnu họlẹ̀. Ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ sí ìpàdé àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Philadelphia ní oṣù Karùn-ún, ó sì kó àtúnṣe dání. Kí wọ́n pa ìlà ìjogún rẹ́ pátápátá. Kí wọ́n yọ ohunkóhun tó bá jọ òṣèlú kúrò. Kí wọ́n má gba ọmọ ẹgbẹ́ oníyì tí kò jagun. Kí wọ́n má gba owó lọ́wọ́ àjèjì. Kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ máa rí bí owó ṣe ń lọ. Ó sọ fún wọn gbangba pé bí wọn kò bá gbà, òun yóò kúrò.

Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Kò ní ọmọ. Àwọn kan lè sọ pé ó rọrùn fún un láti ní kí wọ́n pa ogún rẹ́ nígbà tí kò ní àrólé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé owú ló ń jẹ ẹ́ ni, ìbá dákẹ́, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ìbá bọ́ síbẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbà fún un pátápátá ni L'Enfant dé láti Paris. Ó kó àwọn ẹyẹ idì oníwúrà náà dé, wọ́n ń dán yanran. Ó tún mú ìròyìn dé pé ọba Faransé ti fọwọ́ sí i kí àwọn ọ̀gágun rẹ̀ máa so báàjì náà mọ́ àyà, pé inú wọn dùn débi pé wọ́n ń du ú. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká lẹ́yìn tí àlejò ti dúpẹ́? Àwọn ọmọ ogun ojú omi Faransé tún fi ẹyẹ idì àrà ọ̀tọ̀ kan ránṣẹ́ sí Washington fúnra rẹ̀, òkúta dáyámọ́ǹdì àti òkúta iyebíye mìíràn ló bò ó látòkè délẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i tí wọ́n ti rán aṣọ ẹgbẹ́ tán kí wọ́n tó rántí pé àwọn kò tíì fẹnu kò lórí ayẹyẹ, ẹ mọ̀ pé aṣọ ló máa ń borí.

Wọ́n wá ṣe àdéhùn. Ẹgbẹ́ yóò wà, báàjì yóò wà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìlà ìjogún kúrò nínú òfin tuntun tí wọ́n kọ. Washington fọwọ́ sí lẹ́tà tó lọ sí gbogbo ẹ̀ka. Ariwo ìlú rọlẹ̀. Àwọn oníròyìn yìn ín, inú rẹ̀ balẹ̀, ó padà sí oko.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà: òfin tuntun kò ní múlẹ̀ àfi bí àwọn ẹ̀ka bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akọ̀wé ẹ̀ka rí, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Àwọn kan kò dáhùn. Àwọn mìíràn kọ̀ tààrà, nítorí wọ́n ti sọ fún ọmọ wọn nílé pé ìwọ ni yóò gba báàjì yìí lọ́wọ́ mi. Ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, òfin tuntun kò di òfin. Nígbà tó di 1800, lẹ́yìn tí Washington ti kú, ìpàdé àpapọ̀ sọ ọ́ jáde pé òfin 1783 ṣì wà bó ṣe wà. Ẹni tó ṣẹ́gun ọba Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣẹ́gun ìpàdé ẹ̀ka.

Kí ló yẹ kó ṣe? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, nítorí ohun tó ṣe kò tẹ́ mi lọ́rùn tán. Ní ìparí ọdún 1786, ó kọ̀wé sí gbogbo ẹ̀ka pé òun kò ní lè wá sí ìpàdé ti 1787, kí wọ́n sì má dìbò fún òun mọ́. Ó ní iṣẹ́ ilé pọ̀, làkúrègbé sì ń bá òun jà. Làkúrègbé náà kì í ṣe irọ́, ó ń dà á láàmú gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé nígbà mìíràn àìsàn máa ń wúlò. Kò fẹ́ jókòó lórí àga ẹgbẹ́ tó kọ̀ láti gbọ́rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ dójú ti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jẹ ìyà ogun. Ó fẹ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọ.

Kò rí i yọ. Wọ́n pe ìpàdé mìíràn sí Philadelphia ní oṣù kan náà, èyí tí wọ́n fẹ́ fi tún ìjọba gbogbo orílẹ̀-èdè tò, Virginia sì yan òun. Báwo ló ṣe fẹ́ lọ sí ìlú tó ti ní làkúrègbé kò jẹ́ kí òun lọ? Ọ̀rọ̀ yìí dà á lọ́kàn rú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Níkẹyìn ó lọ. Ó dé Philadelphia ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1787, ó bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹun lálẹ́ ọjọ́ kejì sí i, wọ́n sì tún dìbò fún un, wọ́n ní igbákejì rẹ̀ yóò máa ṣe iṣẹ́ náà. Ó gbà. Orúkọ rẹ̀ wà lókè ìwé ẹgbẹ́ títí di ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1799 tó kú.

Lójú tèmi, ìgbà yẹn ló yẹ kó dúró lórí ohun tó sọ ní 1784. Ó ti ní bí wọn kò bá yọ ìlà náà, òun yóò kúrò. Wọn kò yọ ọ́, kò sì kúrò. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa tí mo ti bá sọ̀rọ̀ yìí rí kò gbà pẹ̀lú mi. Wọ́n ní olórí tó bá kúrò nítorí pé wọn kò gba tirẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀ fún àwọn tó kù láti bà jẹ́, wọ́n ní dídúró rẹ̀ ló fi ìjánu sí wọn lẹ́nu. Ó ṣeé ṣe. Nígbà tó wà láyé, ẹgbẹ́ náà kò gbìyànjú láti gba ìjọba. Òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n sì kọ ní Philadelphia lọ́dún yẹn, níbi tí Washington ti jẹ́ alága, fi òfin de oyè ọlọ́lá: ìjọba Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ fi irú oyè bẹ́ẹ̀ jẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò rí gbà nínú ẹgbẹ́, ó bá a nínú ìwé orílẹ̀-èdè.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bá a jà lé lórí, èyí ló sì dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ William Lee. Ẹrú ni. Washington rà á ní 1768. Gbogbo ọdún ogun yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Lee wà lórí ẹṣin lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, nínú òtútù, nínú ìbọn. Òfin ẹgbẹ́ ní ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́jọ ni Lee ṣe. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ni, sójà lásán kò sì lè wọ̀ ọ́, áńbọ̀sì ẹrú aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí Burke àti Jefferson ń pariwo pé ìbí kò gbọdọ̀ sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́lá, àwọn méjèèjì ní ẹrú nílé, àwọn tó jẹ́ pé ìbí nìkan ló sọ wọ́n di ẹrú. Ipò àjogúnbá tó burú jù ni wọ́n ní lọ́wọ́, báàjì ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ẹrú tó wà ní Mount Vernon nígbà tí Washington kú lé ní 300. Àwọn 123 nínú wọn jẹ́ tirẹ̀, ìyókù jẹ́ ti ẹbí ọkọ àkọ́kọ́ tí Martha fẹ́, tàbí èyí tó háyà. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ó ní kí wọ́n dá àwọn tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyàwó òun. Martha kò dúró di ìgbà náà, ó dá wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1801. William Lee nìkan ni Washington ní kí ó gba òmìnira lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú 30 dọ́là lọ́dọọdún, nítorí iṣẹ́ tó ṣe nígbà ogun. Nígbà yẹn orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́.

Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí dòní. Ilé ńlá wọn wà ní Washington D.C., wọ́n ń bójú tó ìwé àti ohun ìrántí ogun náà, ọmọkùnrin ìran àwọn ọ̀gá sójà wọ̀nyẹn ló sì ṣì ń wọlé. Ìlú Cincinnati ní Ohio, tí àwọn kan nínú yín ń gbé ìtòsí rẹ̀, láti ara ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ti fún un lórúkọ ní 1790. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tún ti tọ ipa rẹ̀: ti àwọn ọmọkùnrin ìran tó ja ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1889, ti àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1890. Ọ̀pọ̀ dókítà, lọ́yà àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, bí àwọn àgbà tiwa náà ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò kó ìwé ẹ̀rí ìbí àti ìgbéyàwó jọ láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ baba ńlá.

Ti ẹyẹ idì olókùúta dáyámọ́ǹdì yẹn ńkọ́? Kò sí ọmọ tí yóò jogún rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Washington, ó lọ sọ́wọ́ Alexander Hamilton, tó di ààrẹ ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Hamilton ní ọmọkùnrin, ó sì ní ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní 1804, ẹyẹ náà kò dúró sílé wọn. Ọ̀dọ̀ Charles Cotesworth Pinckney tí wọ́n yàn tẹ̀ lé e ló lọ, ọ̀dọ̀ ààrẹ tí wọ́n bá yàn ló sì ń lọ títí di òní.